Ojú Ìwé Kẹtàlélógún

Nílé wa, kò sẹ́ni tó lè sọ iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣe kó má rẹ́rìn-ín. Bí àlejò bá bi màmá wa, wọ́n á ní, "Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́lé ló wà," wọ́n á sì yára béèrè bóyá àlejò yóò mu tíì. Àkọ́bí wa ọkùnrin sọ ọ́ ní Akọ̀wé Kòkòrò, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé bí a bá fi orúkọ rẹ̀ gan-an pè é nílé, á rò pé a ń bá òun jà ni. Èmi àbúrò rẹ̀ ni mo máa ń ṣàlàyé, torí èmi ni mo ń tẹ ìwé rẹ̀. Kí wọ́n tó kọ́ ilé ńlá sórí ilẹ̀ kan, òfin ní kí ẹnì kan kọ́kọ́ lọ ka àwọn ẹranko tó ń gbé ibẹ̀, kó wò ó bóyá irú èyí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé wà nínú wọn. Ẹni tí wọ́n ń rán ni ẹ̀gbọ́n mi.

Iṣẹ́ náà kọ́ ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ló ti máa ń ka aláǹgbá ara ògiri wa láràárọ̀ kó tó lọ sílé ẹ̀kọ́, bí ọ̀kan bá dín, kò ní jẹun dáadáa. Nígbà tó dàgbà, yàrá tó háyà di ibi tí èèyàn ò ti rí àyè jókòó: okùn ìwọnlẹ̀ lórí àga, awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn lórí ìrọ̀rí, bàtà ẹlẹ́rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ nígbà kan sọ pé bàtà yẹn ló lé òun sá. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n bàtà náà dọ̀tí lóòótọ́.

Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣe é. Ó ti ka àdán nínú àjà ilé tí wọ́n fẹ́ wó, ó ti ka ọ̀pọ̀lọ́ nínú kòtò tí wọ́n fẹ́ dí, ó ti ka ẹyẹ lórí igi tí wọ́n fẹ́ gé. Wọ́n wó ilé náà, wọ́n dí kòtò náà, wọ́n gé igi náà. Mo bi í nígbà kan pé kí wá ni àǹfààní gbogbo kíkà yìí. Ó ní, "Ó kéré tán, a mọ iye tí a pa." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye àlùbọ́sà tó kù nílé, ó sì ń họ ẹrẹ̀ ara bàtà rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ tèmi rọrùn láti sọ. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan, yàrá kan ṣoṣo, tó dojú kọ ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, mo fo ojú ìwé kan nínú ìwé ilẹ̀ tí lọ́yà kan fẹ́ gbé lọ sí kóòtù. Ọ̀gá mi gbé àga síta, ó ní kí n jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́, kí n máa ka ojú ìwé ìwé tẹlifóònù àtijọ́ sókè ketekete, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè gbọ́. Láti ọjọ́ náà, ìwé kan kì í kúrò lọ́wọ́ mi kí n má ka ojú ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé: NÍBÍ, OJÚ ÌWÉ KÌ Í SỌNÙ. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, kí n má parọ́.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ilé iṣẹ́ ńlá kan fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sórí òkè kékeré kan lẹ́yìn ìlú. Òkúta àti igbó ẹlẹ́gùn-ún ló kún òkè náà, kò sẹ́ni tó ń lọ síbẹ̀. Wọ́n rán ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi na okùn láti ẹsẹ̀ òkè dé orí rẹ̀, tó ń rìn lẹ́bàá okùn náà, tó ń tẹ̀ ba wo abẹ́ òkúta kọ̀ọ̀kan. Bó bá parí, á sún okùn náà ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, á tún bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí àwọn ìjàpá kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ìkarahun wọn pupa bí amọ̀. Ó ní ibi tí irú wọn kù sí láyé kò pé márùn-ún. Èyí tó bá rí, á fi ọ̀dà funfun kán an létí ìkarahun kó má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì, á sì kọ ihò tó ń gbé sínú máàpù.

Ó mú mi lọ ní ọjọ́ Sátidé kan. Mo ráhùn lójú ọ̀nà torí ẹ̀gún, ó ní kí n dákẹ́, pé ariwo mi pọ̀ ju ti ẹ̀rọ mi lọ. A jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kúkúrú kan fún bíi wákàtí kan. Ìyá ìjàpá kan yọ lábẹ́ gbòǹgbò igi náà, ó tóbi ju àwọn yòókù lọ, etí ìkarahun rẹ̀ kan ti kán láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń pè é ní Ìyá Àgbà. Ó ní ó ṣeé ṣe kó ju màmá wa lọ lọ́jọ́ orí. Ó rìn dé ibi òdòdó kan tó bọ́ sílẹ̀, ó jẹ ẹ́, kò kánjú, kò wo ojú wa. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mọ́kàndínlógún ni wọ́n," ẹ̀gbọ́n mi sọ. "Bí wọ́n bá ti pé mẹ́wàá, òfin ní kí wọ́n gbé ilé yẹn lọ sí òdìkejì ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń sun bíríkì nígbà kan. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó lè kú."

"Ṣé wọ́n á gbà?"

"Wọ́n á gbà. Iye ló wà níwájú wọn." Ó yí sí mi, ojú rẹ̀ ń dán. "Èyí á yọrí sí rere, àbúrò mi. Èyí nìkan."

Mo mọ̀ ọ́n látìgbà tí mo ti láyé, n kò rí i kó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ rí. Inú mi dùn fún un débi pé mo gbàgbé ẹ̀gún nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀.

Ìgbà tó kọ ìwé náà parí ni òtútù mú un. Ibà gbé e dè, ohùn rẹ̀ sì lọ pátápátá. Ó kó ìwé náà sínú fíláàṣì kọ̀ǹpútà, ó fi í rán ọmọ onílé wọn sí mi pẹ̀lú bébà kékeré kan tó kọ ọ́ sí pé: "Márùn-ún ti ìgbìmọ̀. Ẹyọ kan ti gbogbo ènìyàn." Ìwé méjì ló wà lórí fíláàṣì náà lóòótọ́. Ti ìgbìmọ̀ ni àwọn ará ilé iṣẹ́ ìjọba tó fẹ́ dájọ́ lórí ilé náà yóò kà nínú yàrá wọn. Ti gbogbo ènìyàn ni wọ́n máa ń gbé sínú àpótí onígíláàsì lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ ìjọba fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ lè sọ ọ́.

Mo tẹ ti ìgbìmọ̀, mo kà á, ó pé. Mo tẹ ti gbogbo ènìyàn, mo kà á dé ojú ìwé kejìlélógún, ó sì fò sí kẹrìnlélógún.

Ẹ̀rín pa mí. Akọ̀wé Kòkòrò tó ń ka ọmọ ìjàpá kò lè ka ojú ìwé tirẹ̀. Ibà ló fà á, mo rò bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ pè é, ṣùgbọ́n kí ni màá pe ẹni tí kò lóhùn fún? Ó sì yẹ kó sùn. Mo wo ti ìgbìmọ̀, mo rí i pé máàpù ni ojú ìwé kẹtàlélógún: òkè náà látòkè délẹ̀, àmì pupa mọ́kàndínlógún lórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye ìṣísẹ̀ láti ojú ọ̀nà. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyẹn. Ṣé èyí gan-an ni àwọn èèyàn ò ní rí? Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó nípọn, aláwọ̀ mèrèmèrè, mo fi í sí àyè rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó pé.

Èmi fúnra mi ni mo gbé e sọdá fún akọ̀wé àgbà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Òǹtẹ̀. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò ó sínú àpótí gíláàsì, wọ́n tì í. Lọ́jọ́ kejì, mo rí àwọn èèyàn tí wọ́n dúró níbẹ̀ tí wọ́n ń fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó mọ́ nigín wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kí n tẹ àwòrán kan jáde fún òun látinú fóònù rẹ̀, kí ó tóbi dáadáa. Ojú ìwé kẹtàlélógún ni. Orí mi wú. Mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe é.

"Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n wà níbi tí ó kọ yìí?" ọkùnrin náà bi mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi kì í parọ́," mo ní. "Bó bá ní ìṣísẹ̀ ogójì, ẹ lọ kà á."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi dáadáa. Mo ká bébà náà fún un, mo fi rọ́bà dè é kó má baà rún.

Ọjọ́ karùn-ún ni ẹ̀gbọ́n mi dìde. Mo rí i láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi tó dúró níwájú àpótí náà pẹ̀lú ìbòrùn lọ́rùn. Mo juwọ́ sí i. Kò juwọ́ padà. Ó sọdá títì láìwo ọ̀tún wòsì, ó wọlé, ó dì mọ́ etí tábìlì mi.

"Ta ló fi ojú ìwé kẹtàlélógún síbẹ̀?" Ohùn rẹ̀ ṣì ń ha.

"Èmi ni o," mo ní, mo ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbàgbé ẹ̀ ni."

"Mi ò gbàgbé ẹ̀. Mo yọ ọ́ ni."

Ó jókòó sórí páálí bébà, ó sì ṣàlàyé fún mi jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé. Irú ìjàpá tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán bẹ́ẹ̀, àwọn kan wà tó ń wá a kiri láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ sínú pálọ̀ wọn, pàápàá torí pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí gbogbo ayé rí ibi tí wọ́n wà. Ìgbìmọ̀ nìkan ló ń rí i. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà mọ̀ ọ́n débi pé kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

"Ẹ ò sọ fún mi," mo ní.

"Mi ò sọ fún ẹ," ó ní.

Mo wá rántí ọkùnrin oníṣẹ́ẹ̀tì funfun. Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan rọ́bà tí mo fi dè é. Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo, kò bú mi. Ó ń wo ohun tí mo kọ sára ògiri. Kí ilẹ̀ lanu ni mo fẹ́. Wọ́n ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Èmi ni ikú ilé náà, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi ká máàpù fún tòde.

A jọ sọdá lọ bá Bàbá Òǹtẹ̀. Èèyàn dáadáa ni Bàbá, wọ́n ní ká jókòó, wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi lómi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ ojú ìwé kan ṣoṣo," ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ wọ́n.

"Ọmọ mi, ohun tí mo ti lu òǹtẹ̀ sí kì í ṣe tèmi mọ́. Ọjọ́ mọ́kànlélógún lòfin wí. Ẹ kọ lẹ́tà sí alága ìgbìmọ̀."

"Níbo ni alága wà?"

"Wọ́n rìnrìn àjò. Ọ̀sẹ̀ méjì."

Ẹ̀gbọ́n mi kọ lẹ́tà náà lójú ẹsẹ̀. Bàbá Òǹtẹ̀ lu òǹtẹ̀ sí i pé àwọn ti gbà á, wọ́n sì gbé e sórí òkìtì lẹ́tà mìíràn. Èmi, n kò mọ ohun tí mo lè ṣe, mo lọ fi ẹ̀yìn ti àpótí gíláàsì náà, mo dúró síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má rí i. Mo dúró títí oòrùn fi yí. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì kọ́kọ́ rò pé mò ń dúró de ẹnì kan. Nígbà tó mọ òótọ́, ó lé mi kúrò pé mò ń dí gbogbo ènìyàn lọ́wọ́ láti ka ìwé wọn. Òótọ́ ló sọ. Kí sì ni ẹ̀yìn mi fẹ́ bò nígbà tí àwòrán náà ti wà nínú fóònù àwọn èèyàn?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a lọ sórí òkè. Láti ìsàlẹ̀ ni mo ti rí i pé wọ́n ti yí òkúta. Wọ́n fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ pupa tútù wà lẹ́nu rẹ̀. Wọn kò wá kiri o. Ibi tí àmì wà nínú máàpù nìkan ni wọ́n gbẹ́, wọn kò fọwọ́ kan òkúta tí kò ní nǹkan lábẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ láti àmì dé àmì pẹ̀lú ìwé kékeré rẹ̀. Mẹ́jọ ló kù. Lábẹ́ igi kúkúrú, wọ́n ti gé gbòǹgbò igi náà kí ọwọ́ lè wọlé. Ìyá Àgbà ti lọ. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ sínú ihò náà dé èjìká, ó pẹ́ kó tó yọ ọ́.

"Ẹ jẹ́ ká kó àwọn tó kù sílé," mo ní. "Sínú yàrá yín. Sínú ṣọ́ọ̀bù mi."

"Bí mo bá gbé ọ̀kan, olè lèmi náà. Wọ́n á sì ní èmi ni mo kó gbogbo wọn wá síbí látilé, kí n lè fi wọ́n dá iṣẹ́ dúró." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹlòmíì rí."

A lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tó wà lórí tábìlì ṣí ìwé ńlá, ó mú bírò.

"Ta ló ni àwọn ìjàpá náà?"

"Kò sẹ́ni tó ni wọ́n, ọ̀gá," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

"Orúkọ ta wá ni kí n kọ pé wọ́n jà lólè?"

Ó dé bírò rẹ̀, ó sì pa ìwé náà dé.

Ojoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń lọ jókòó sórí òkè. Mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án kí n lọ bá a, mo máa ń gbé búrẹ́dì àti tíì dání, kì í sì í jẹ ẹ́. Ènìyàn méjì kò lè ṣọ́ òkè. Bí a bá wà ní apá ibí, wọ́n á ti wà ní apá ọ̀hún. Bí a bá lọ sílé, òkè náà di tiwọn. Mẹ́jọ di márùn-ún, márùn-ún di méjì. Lọ́jọ́ kan, a kò rí ọ̀kankan. Ọjọ́ kejìlá nìyẹn, máàpù mi ṣì wà nínú gíláàsì, ó ń dán nínú oòrùn, òǹtẹ̀ ìjọba lára rẹ̀.

Nígbà tí alága dé, ìgbìmọ̀ ka lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì ní kí wọ́n tún òkè náà kà. Wọ́n fi ẹlòmíràn láti ìlú mìíràn ti ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n jọ na okùn náà fún ọjọ́ mẹ́wàá. Lẹ́tà tí ìgbìmọ̀ kọ lẹ́yìn èyí kò gùn. Wọ́n ní iye tó wà nínú ìwé àkọ́kọ́ kò ṣeé fìdí rẹ̀ múlẹ̀, wọ́n sì gba ẹni tó kọ ọ́ níyànjú pé kó máa ṣọ́ra lọ́jọ́ iwájú. Ilé ìkẹ́rùsí lè máa lọ. Mo ka lẹ́tà náà nínú yàrá rẹ̀, mo dúró láàárín okùn àti bàtà, inú bí mi. Ẹ̀gbọ́n mi kì í parọ́. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò yẹ kí n sọ ọ́ fún, kò sì sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún mọ́.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní kó dárí jì mí.

"Dìde," ó ní. "Má bẹ̀ mí. Èmi kọ́ ni wọ́n gbé lọ."

Ó ti gbé bàtà rẹ̀ sórí itan, ó ń họ ẹrẹ̀ gbígbẹ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú fíláàṣì. Ìwé tó kọ lórí kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì ni, ìgbìmọ̀ fẹ́ ẹ fún fáìlì wọn. Mo ti fi ọ̀dà pa ohun tó wà lára ògiri mi rẹ́, àmọ́ ó ṣì ń hàn díẹ̀. Mo fi fíláàṣì sínú kọ̀ǹpútà, mo wá ìwé méjì, ẹyọ kan ni mo rí.

"Èwo ni ti ìgbìmọ̀, èwo ni ti gbogbo ènìyàn?" mo bi í. Mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá mi lójú.

"Ọ̀kan náà ni. Tẹ gbogbo ẹ̀ fún gbogbo wọn." Ó ń wo títì níta. "Kò sí nǹkan tí mò ń fi pamọ́ mọ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ìwé kẹtàlélógún jáde nínú ẹ̀rọ, òkè náà látòkè délẹ̀, ilà ogójì tí wọ́n na okùn gbà wà lórí rẹ̀, kò sí àmì pupa kankan. Mo to ìwé náà jọ, mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún kà á. Ẹ̀gbọ́n mi dúró kí n parí.

"Ó pé," mo ní.